Ẹ̀dínwó Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kò Tán Bọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, bí mo bá tiẹ̀ di arúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo wọ léèsì mi tó dára jù, mo dìde láàárín ìjọ, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ pásítọ̀, mo sì fi ẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àdánù tó bá mi. N kò mọ̀ pé àdánù ni. Èrè ni mo pè é, ìjọ sì bá mi ṣe àmín.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú àwa wọ̀nyí ni, ilé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí èmi mọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ sì wà lójú ọ̀nà Adó. Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ńṣe ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya kọ̀ǹpútà sára pátákó, tí màá sì máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i: "Ojú rẹ̀ nìyí, eku rẹ̀ nìyí." Àwọn ọmọ á tún un pè tẹ̀lé mi, a ó sì gba pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Nítorí èyí, gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Èmi náà sì ti gbà pé mo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀, ń ṣiṣẹ́ nídìí epo rọ̀bì lórí òkun. Bí ó bá ti wọ orí omi lọ, ó lè lò ju oṣù kan lọ kí a tó gbúròó rẹ̀, torí fóònù kì í wọlé níbẹ̀. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn àwọn káàdì pélébé tí wọ́n ń tẹ àwòrán agbábọ́ọ̀lù sí, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń kó jọ, tí wọ́n sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fún un, òun náà ń rà kún un, títí ó fi di páálí lórí páálí nínú yàrá ilé wa. Màmá ní àfi bí ẹni pé wọ́n gbé àpótí ìbò pamọ́ sọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó yá, Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀ ṣí ojú ìwé ìtajà kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ya fọ́tò àwọn káàdì náà sí i, ó kọ iye owó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á yan èyí tó wù ú, á san owó sí àkáǹtì Bọ̀ọ̀dá ní báńkì, iṣẹ́ á sì wọlé fún mi pé kí n kó káàdì báyìí-báyìí ránṣẹ́ sí lágbájá. Tèmi ni kí n lọ sí ilé kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, kí n ka iṣẹ́ náà, kí n di káàdì sínú àpòòwé, kí n sì gbé e fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Èmi kì í fojú kan owó náà. Orúkọ èèyàn àti orúkọ káàdì nìkan ni mo máa ń rí.

Owó yìí kì í ṣe owó eré o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ la fẹ́ fi rà fún Màmá. Gaàrí ni Màmá ń ṣe tà, ọdọọdún ló sì ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, tí á tò sẹ́yìn àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí ẹlẹ́rọ á tún máa kígbe mọ́ ọn pé kó sún.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ń palẹ̀ mọ́ láti padà sórí omi, ó pè mí.

"Àbúrò, àwọn kípà àtàwọn tó ń gbá ẹ̀yìn kì í tà. Ẹni tó ń gbá a sáwọ̀n ni gbogbo ayé ń wá. Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bá mi ṣe ẹ̀dínwó lórí wọn, láti Jímọ̀ di Sunday péré. Dín ìdá mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé wàá lè ṣe é, àbí kí n fi sílẹ̀ dìgbà tí mo bá dé?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn wọ̀ mí lára. Irú èmi ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀? "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa lọ," ni mo wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sí ilé kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Túndé tó ni ibẹ̀ rí i bí mo ṣe ń fajú ro níwájú ẹ̀rọ, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n bá yín wò ó?" Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu.

Ojú ìwé náà kọ́kọ́ bi mí pé ọjà wo ni mo fẹ́ dín owó rẹ̀. Mo fẹ́ máa fi àmì sí àwọn kípà lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wákàtí tí mo san owó rẹ̀ ń lọ, mo sì rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "gbogbo rẹ̀" sí. Mo ní òróró tó bá dára, gbogbo ara là á fi í pa. Mo tẹ gbogbo rẹ̀. Ó tún bi mí ní ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rí "ìdá mélòó", n kò ka ìyókù, mo kọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ síwájú, oṣù tẹ̀lé e. Mo tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, kọ̀ǹpútà ní òun ti gbà. Mo gbé báàgì mi, mo kí Ọ̀gá Túndé pé ó dàárọ̀, mo rìn jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ní báńkì.

Nígbà tí mo máa fi padà síbẹ̀ ní Jímọ̀, iṣẹ́ ti wọlé débi pé mo ní láti yí ojú ìwé náà sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, kí n tó rí òpin rẹ̀. Àwọn èèyàn Ìbàdàn, àwọn èèyàn Benin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó, ẹnì kan ní Kàdúná. Mo ra àpòòwé títí ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fi ní kò sí mọ́. Ní gáréèjì, àwọn awakọ̀ tí wọ́n máa ń pè mí ní Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Káàdì, ọ̀kan nínú wọn sì ní àfi kí n gba ọkọ̀ kan fún ara mi.

Sunday kọjá. Èmi mọ̀ pé ẹ̀dínwó ti parí, mo sì retí kí ọjà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ó tún lé sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ju ti Ajé lọ. Ẹlòmíràn á ti bi ara rẹ̀ léèrè. Èmi ní tèmi, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé pé bí ọjà ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹ ti fún wọn tọ́ ọ wò, ó ti dùn mọ́ wọn, iye yòówù tí ẹ bá wá pè é, wọ́n á san án. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wò mí láti abẹ́ awò ojú rẹ̀. Màmá gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti pe bíríkìlà, wọ́n ti ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n kan páànù lé e. Ilé ẹ̀rọ nìyẹn. Ó ku ẹ̀rọ.

Bí mo ṣe dìde jẹ́rìí nínú ìjọ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ̀dínwó ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, síbẹ̀ wọn ò dẹ́kun rírà. Kí là ń pe ìyẹn?" Ìjọ dáhùn pé ojú rere ni. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ irú ojú rere bẹ́ẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Èrò púpọ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Títí di òní, mo máa ń gbà á ládùúrà pé kí irú èyí má ṣe bá wọn.

Nígbà tí a jáde, Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì tó ń tẹ dùùrù wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ẹ kú oríire, Àǹtí. Èmi náà rà fún àwọn ọmọ mi. Alẹ́ àná ni mo tún sanwó fún òmíràn."

"Ẹ ṣé o, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dára."

"Kì í ṣe tinú mi nìkan o. Ẹ̀dínwó yín ló pọ̀. Èyí tó tó owó àpò gaàrí kan, owó àkàrà àti ẹ̀kọ ni mo san lórí ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ará ilé yìí láàánú."

Mo ní, "Sà, ẹ̀dínwó ti tán."

Ó ní, "Alẹ́ àná kọ́ ni mo ń wí yìí? Ẹ ní kí a san ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún. A sì san án."

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè gígùn ọjọ́sí padà wá sí ojú mi, tòun ti ìyókù tí n kò kà. Kì í ṣe iye tí màá dín ni ẹ̀rọ bi mí. Iye tí oníbàárà máa san ló bi mí. Mo káwọ́ lérí, mo figbe ta. Àwọn ìyá ìjọ rò pé ẹ̀mí ló ń gbé mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin.

Mo ta mọ́ ọ̀kadà, ó di ilé kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ wà ní títì pa. Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní Ọ̀gá Túndé ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹmùré, ọjọ́ Ajé ni yóò dé. Kí n dúró di ọjọ́ Ajé? Bí mo ṣe ń mí yẹn, ẹnì kan ń ra agbábọ́ọ̀lù ní owó àkàrà. Mo wọ ọkọ̀ Ẹmùré pẹ̀lú gèlè lórí àti Bíbélì lábíyá.

Ìdí abọ́ iyán ni mo bá Ọ̀gá Túndé. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, mo sì ń sọ tẹnu mi lọ́wọ́ kan náà. Ìyá náà kò jẹ́ kí n débì kan.

"Ṣé èèyàn kú ni?" ó bi mí.

"Rárá, Mà."

"Ó dáa, jókòó jẹun. Ẹni tó wọlé bá mi nídìí uyán kì í fi ebi lọ."

Mo fọ ọwọ́. Ẹ má bi mí bóyá ó dùn. Mo ń bu òkèlè, mo ń gbé e mì, ọkàn mi ń bẹ lójú ọ̀nà Adó. Ọ̀gá Túndé ní tirẹ̀ fara balẹ̀ jẹ ẹran rẹ̀ dé egungun, ó mu omi, ó fi igi tayín, ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rí i pé mo ní kí n bá yín wò ó?"

A gbéra. Nígbà tí a dé Ìṣẹ́, ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́, òjò sì ń bọ̀. Awakọ̀ ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ tì í. Mo ti ọkọ̀ nínú léèsì, gìgísẹ̀ bàtà mi kan kán sínú ẹrẹ̀, òjò dé, gèlè mi sì lẹ̀ mọ́ mi lórí bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀. Nígbà tí a máa fi dé Ìkẹ́rẹ́, ọ̀sán ti pọ́n kọjá, iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ Ọ̀gá Túndé kò sì ní epo. Ọ̀wọ́n epo wà nígboro. Ó fi rọ́bà fa ìwọ̀nba epo tó wà nínú alùpùpù rẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀ léraléra, ó ní tí ìyẹn bá ti tán, ó tán nìyẹn.

Ọ̀gá Túndé dúró ti jẹnẹrétọ̀ níta, kọ̀ǹpútà jí. Mo ṣí ojú tí oníbàárà ń rí, èyí tí n kò wò rí láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n fa ìlà pa owó gidi lórí gbogbo ọjà, wọ́n kọ owó yẹ̀yẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbá a sáwọ̀n ti tán. Àwọn tó ń gbá àárín ti tán. Ọjà tó kù nílẹ̀ ni àwọn kípà àtàwọn tó ń gbá ẹ̀yìn. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dínwó yẹn, kò sẹ́ni tó rà wọ́n.

Mo wá ibi tí màá ti fagi lé e títí, n kò rí i, jẹnẹrétọ̀ sì ti ń wúkọ́. Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi nínú. Bó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá ni ẹ̀rọ taku pé àwọn máa san, kí n sọ owó ọjà di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdá mẹ́wàá ìyẹn yóò sì padà di owó wa gan-an. Ojú ìwé náà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ owó gbogbo ọjà di ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Bí ó ṣe gbà á ni iná kú. Mo jáde síta nínú bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kán, mo sì tún ń yin ara mi.

Ní ilé, mo sọ tòótọ́ fún Bàbá. Àwọn káàdì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tí n kò tíì fi ránṣẹ́ kún orí tábìlì. Mo dábàá pé kí n sọ fún àwọn tó ni wọ́n pé ọjà ti tán.

Bàbá ní, "Ta ló kọ iye tí wọ́n san?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé wọ́n yọ ìbọn sí ọ kí o tó kọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Dì í."

Mo dì í. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo òpó mẹ́rin àti páànù tuntun. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. Ó kàn sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ulé ti wà. Ẹ̀rọ ló kù," ó sì wọlé lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọjà dá. Ẹnì kan kò ra nǹkan kan. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, torí kípà ni kípà ń jẹ́. N kò tún yọjú sí ojú ìwé náà, ara mi kò gbà á. Àfi bí fóònù mi ṣe dún ní oṣù kẹfà, tí ọkùnrin kan sì ń pè mí láti Ìlawẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mo rí kípà kan lójú ìwé yín, mo fẹ́ rà á. Mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè ni. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé káàdì náà wá?"

Mo ní kí ló dé tó fi ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀gàn kankan nínú, ó sì ka iye owó náà sí mi létí. Owó màlúù ni. Mo sáré dé ilé kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dínwó tí kò fẹ́ tán ti tán fúnra rẹ̀ láìbi ẹnì kan léèrè, ó sì fi ìlọ́po mẹ́wàá tí mo fọgbọ́n fi sí i sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ̀ọ̀dá Dáyọ̀ gúnlẹ̀. Ó ti yà ní báńkì kó tó wá sílé, torí náà kò sí ohun tí mo lè bò. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Ọjọ́ wo lo kọ fún un?" Mo ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún sí ọjọ́ kẹfà. Ó kọ ọ́ sórí páálí pẹ̀lú bíró bí mo ṣe kọ ọ́, ó wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe ojú ìwé náà, oṣù ni wọ́n sì máa ń kọ síwájú. Ẹ̀rọ kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà. Nítorí náà, ẹ̀dínwó mi ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn páálí. Ó ṣí ọ̀kan, ó pa á dé. Ó ṣí òmíràn, ó pa á dé. Àwọn kan wà nínú wọn tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ṣòkòtò péńpé, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Ìyà tí mo jẹ lójú ọ̀nà Ẹmùré kò tó ti ìdúró tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Ó bi mí láìwẹ̀yìn:

"Àwọn kípà ń kọ́?"

"Gbogbo wọn ló pé, sà."

"Kò sẹ́ni tó ra ọ̀kan?"

"Kò sí, sà. Àfi ọkùnrin kan ní Ìlawẹ̀, òun náà ní kí kípà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, títí Màmá fi wá wo ohun tó dé, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ kọ́ ìwé kíkà parí.

Ẹ̀rọ Màmá dé, ṣùgbọ́n ó di ọdún kejì. Ní gbogbo àkókò tó wà láàárín, èmi ni mo ń ru ẹ̀gẹ́ tẹ̀lé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Ewúrẹ́ ló ń gbé abẹ́ páànù tuntun wa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá bi ọ́ ní ìbéèrè, kà á dé òpin. Bí ọjà rẹ bá sì ń yá ju bó ṣe yẹ lọ, má sáré lọ dúpẹ́. Kọ́kọ́ bi oníbàárà pé èló ló ra tirẹ̀. Mo ti ní kọ̀ǹpútà tèmi nísinsìnyí, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ náà sì ní tiwọn. Bí mo bá rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀dínwó ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín máa ń pa mí. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì rọra gbàdúrà fún ẹni tó kọ ọ́.